Marie Dressler: Ìyá àgbà aláwàdà tó gba iwájú lọ́wọ́ àwọn arẹwà Hollywood

Ní ọdún 1932, wọ́n bi àwọn tó ni ilé sinimá káàkiri Amẹ́ríkà léèrè pé òṣèré wo ni orúkọ rẹ̀ ń mú owó wọlé fún wọn jù lọ. Àwọn arẹwà kún Hollywood nígbà náà. Greta Garbo wà níbẹ̀, Joan Crawford wà níbẹ̀, Clark Gable tí àwọn obìnrin ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti wò náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn ni àwọn onísinimá fi sí ipò kìíní. Obìnrin kan tó ti lé ní ọmọ 60 ọdún ni wọ́n dárúkọ, obìnrin tó sanra, tí awọ ojú rẹ̀ ti hunjọ, tó sì jẹ́ pé aṣọ àkísà ló sábà máa ń wọ̀ nínú eré. Ní ọdún 1933, wọ́n tún bi wọ́n léèrè. Orúkọ kan náà ni wọ́n tún dá.

Marie Dressler ni obìnrin náà. Nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn mìíràn ti kú, ni ayé tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dára. Ọdún díẹ̀ ṣáájú àkókò náà, agbára káká ló fi ń rí iṣẹ́ ní New York, ìlú tó ti fi ẹ̀rín kún fún ọdún tó ju 25 lọ. Ọjọ́ orí wà lára ohun tó fà á. Ohun mìíràn tó fà á ni pé ó gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké nígbà kan tí àwọn ọ̀gá ń fi ojú wọn gbolẹ̀, àwọn ọ̀gá náà kò sì gbàgbé.

Ẹ̀rín nínú ṣọ́ọ̀ṣì

Ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá, ọdún 1868 ni wọ́n bí i ní Cobourg, ìlú kékeré kan létí adágún Ontario ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Leila Marie Koerber ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá rẹ̀, tó ti ilẹ̀ Yúróòpù wá tẹ̀dó sí Kánádà, ń kọ́ àwọn ènìyàn lórin, ó sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ènìyàn líle ni, inú rẹ̀ sì máa ń tètè ru. Ìdílé náà ń ṣí kiri láti ìlú kan sí òmíràn, owó kò sì fi ìgbà kan pọ̀ tó.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ ṣeré lójú èrò, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 5. Bó ṣe ròyìn rẹ̀ nígbà tó dàgbà, wọ́n mú un ṣe ọmọ òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù àtijọ́, wọ́n gbé e lé orí òpó kan, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ mira. Ó já bọ́. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ó ń rántí ẹ̀rín náà títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ó fi ilé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 14, ó tẹ̀ lé ẹgbẹ́ òṣèré kan tó ń lọ láti ìlú dé ìlú. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí orúkọ ìdílé òun hàn lára pátákó eré, nítorí náà ó yá orúkọ àǹtí rẹ̀ kan lò, ó di Marie Dressler. Ojú tí ọ̀pọ̀ òbí nílẹ̀ Yorùbá fi wo àwọn alárìnjò fún ìgbà pípẹ́, pé alágbe ni wọ́n, pé wọn kò níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ojú náà ni wọ́n fi ń wo òṣèré ní Kánádà ayé ìgbà náà, tòun ti pé obìnrin ni.

Ìrìn àjò náà kò rọrùn. Bí èrò bá pọ̀, ẹgbẹ́ òṣèré á jẹun. Bí agbátẹrù bá gbé owó ẹnu ọ̀nà sá lọ ní ìlú òkèèrè, kálukú á wá ọ̀nà tí yóò gbà délé. Nígbà tó ríṣẹ́ láàárín àwọn ọmọbìnrin tó ń gberin lẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ eré olórin kan, dọ́là 8 ni owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dọ́là 8 yìí yóò tún jẹ yọ nínú ìtàn rẹ̀.

Ohun tó wù ú lọ́kàn ni eré tó ń fa ẹkún. Ohùn rẹ̀ dára, ó sì mọ orin kọ. Ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ tóbi, ara rẹ̀ kún, ojú rẹ̀ kò sì jọ ojú àwọn tí wọ́n fi ń ṣe ọmọ ọba lórí ìtàgé. Ní ọdún 1892, nígbà tó dé New York nínú eré kan tó ń jẹ́ The Robber of the Rhine, Maurice Barrymore, gbajúgbajà òṣèré tó kọ eré náà, gbà á nímọ̀ràn pé àwàdà ni kó gbájú mọ́. Ó gba ìmọ̀ràn náà. Nígbà tó fi di ọdún 1896, nínú eré The Lady Slavey, gbogbo New York ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn aláwàdà obìnrin wà ṣáájú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń fi ẹ̀wà pa ẹ̀rín pọ̀, kí èrò má baà gbàgbé pé arẹwà ni àwọn. Dressler kò ní irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ láti fi pamọ́. Ara rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ó lè ṣubú bí àpò ìrẹsì, ó sì lè dìde kó máa jó bí ẹni tí kò wúwo rárá. Ojú rẹ̀ lè yí padà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ẹni tó ń bá a ṣeré tó parí gbólóhùn kan. Ìwé àkọ́kọ́ tó kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀, tó jáde ní ọdún 1924, ó fi àkọlé rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí kò lẹ́wà. Ó ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́.

Ọgbọ́n owó kò tó ọgbọ́n iṣẹ́. Ní ọdún 1907, ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ará ibẹ̀ sì tẹ́wọ́ gbà á. Kàkà kó dúró síbi tí wọ́n ti ń sanwó fún un, ó fi owó ara rẹ̀ gbé eré kalẹ̀ níbẹ̀. Eré náà kùnà, gbèsè bò ó mọ́lẹ̀, ó sì padà sí Amẹ́ríkà ní ọwọ́ òfo.

Ohun tó gbé e dìde ni Tillie's Nightmare, eré orí ìtàgé tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1910. Tillie jẹ́ ọmọbìnrin tó ń ṣe wàhálà nílé àwọn ayálégbé, tó ń fọ abọ́, tó ń gbálẹ̀, tó wá sùn lọ tó ń lá àlá pé òun ti di olówó. Ó gbé eré náà kiri Amẹ́ríkà fún ọdún mélòó kan. Láti ìgbà náà, obìnrin tálákà tí ayé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí kò sì gbà pé òun kò já mọ́ nǹkan, di ẹni tí Dressler mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ.

Chaplin kò tíì di ẹni ńlá

Ní ọdún 1914, Mack Sennett, ọ̀gá ilé iṣẹ́ fíìmù Keystone ní California, fẹ́ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe. Fíìmù àwàdà ayé ìgbà náà kì í gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún lọ. Ẹ̀rù ń ba àwọn onísinimá pé ẹ̀rín á sú èrò bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Sennett fẹ́ ṣe èyí tí yóò lé ní wákàtí kan, ó sì nílò orúkọ tí èrò yóò sanwó tìtorí rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Dressler, ẹni ọdún 45 tí kò ṣe fíìmù rí. Wọ́n fi Tillie ṣe ìpìlẹ̀ ìtàn náà, wọ́n sì pè é ní Tillie's Punctured Romance.

Ẹni tó ṣe atannijẹ tó wá láti ìlú ńlá nínú fíìmù náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ fíìmù lọ́dún náà, Charlie Chaplin. Orúkọ Dressler ló ṣáájú tirẹ̀. Ìtàn náà kò le: Tillie ń gbé lóko pẹ̀lú bàbá rẹ̀, atannijẹ náà dé, ó fi ìfẹ́ tàn án, ó gba owó bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sá tọ olólùfẹ́ rẹ̀ lọ, èyí tí Mabel Normand ṣe. Nígbà tí ìròyìn dé pé ẹ̀gbọ́n bàbá Tillie tó lówó ti kú sórí òkè, tí gbogbo ogún sì di ti Tillie, atannijẹ náà sáré padà wá gbé e níyàwó. Àṣé ọkùnrin náà kò kú. Ìlù dàrú, Tillie gbé ìbọn, ó ń lé ọkọ rẹ̀ kiri ilé, ọlọ́pàá ń lé wọn, gbogbo wọn sì ṣubú sínú òkun. Ní ìparí, àwọn obìnrin méjèèjì dì mọ́ ara wọn, wọ́n kọ ọkùnrin náà sílẹ̀.

Ẹni tó bá wo fíìmù náà lónìí lè rí i pé Dressler ń ṣeré bí ẹni tó fẹ́ kí àwọn tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn rí òun, nígbà tí Chaplin àti Normand ti mọ̀ pé kámẹ́rà sún mọ́ wọn. Kò tíì kọ́ ọ. Àmọ́ nígbà tó bá ń jó, tí ó fi ìdí gbá àwọn tó yí i ká dànù, kò sí ẹni tí ojú kò ní í wà lára rẹ̀. Fíìmù náà pa owó rẹpẹtẹ. Òun àti ilé iṣẹ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ lórí owó ọ̀hún.

Nínú ìwé rẹ̀, Dressler gba ọlá pé òun ni òun mú Chaplin jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Chaplin ti ṣe ọ̀pọ̀ fíìmù kúkurú fún Keystone lọ́dún kan náà kí Dressler tó dé. Aláwàdà kì í fẹ́ kí òtítọ́ ba ìtàn dídùn jẹ́, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ka ìwé ìtàn ayé rẹ̀ máa fi èyí sọ́kàn.

Ó tún fi Tillie ṣe fíìmù ní ọdún 1915 àti 1917. Wọn kò lọ jìnnà.

Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní, Dressler wà lára àwọn òṣèré tó ń rìn kiri láti rọ ará ìlú pé kí wọ́n yá ìjọba lówó ogun. Chaplin, Mary Pickford àti Douglas Fairbanks ló bá a rìn. Chaplin sọ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé tirẹ̀ pé ní Washington, orí ìgbéraga ọ̀rọ̀ wọ òun lára débi pé òun yọ̀ tẹ̀rẹ́ lórí pèpéle, òun di Dressler mú, àwọn méjèèjì sì wó lu igbákejì akọ̀wé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi. Franklin Roosevelt ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọdún 15 lẹ́yìn náà ló di ààrẹ.

Ìyanṣẹ́lódì ọdún 1919

Ẹni tó bá wo ìmọ́lẹ̀ ìtàgé New York lóde lè rò pé owó ń ya níbẹ̀ bí omi. Fún àwọn gbajúmọ̀ díẹ̀ ni. Òṣèré lè fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọ́ eré láìgba kọ́bọ̀. Bí eré náà bá kùnà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, iṣẹ́ tán. Wọ́n lè lé e nígbàkigbà. Wọ́n lè já a sílẹ̀ ní ìlú tó jìnnà. Ọ̀pọ̀ ló ń fi owó ara wọn ra aṣọ tí wọn yóò wọ̀ ṣeré. Àwọn ọmọbìnrin tó ń jó, tó sì ń gberin lẹ́yìn, ni ìyà náà pọ̀ lórí wọn jù, nítorí pé bí ọ̀kan bá lọ, mẹ́wàá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1919, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, Actors' Equity, daṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ìtàgé kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọmọbìnrin akọrin dá ẹ̀ka tiwọn sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì fi Marie Dressler ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ó ti lé ní ọmọ 50 ọdún. Kò sí ohun tó kan án mọ́ nínú owó iṣẹ́ akọrin. Agbátẹrù tó bá fẹ́ ẹ, iye tó bá pè ló máa san. Àmọ́ ó ti gba dọ́là 8 rí. Ó ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, ó ń pa àwọn ọmọbìnrin náà lẹ́rìn-ín, ó ń bá wọn rìn ní òpópónà.

Ìyanṣẹ́lódì náà gba oṣù kan gbáko, ó sì tàn dé àwọn ìlú mìíràn. Àwọn agbátẹrù ló kọ́kọ́ rẹ̀. Wọ́n gbà láti bá ẹgbẹ́ náà ṣe àdéhùn, wọ́n fi ààlà sí iye ọ̀sẹ̀ tí a lè fi kọ́ eré láìsanwó, wọ́n sì gbà pé eré mẹ́jọ ni ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn òṣèré borí. Ní ti Dressler, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Àwọn tó ni ilé ìtàgé kì í pọ̀, wọ́n sì mọ ara wọn. Ẹni tó bá mú àwọn ọmọbìnrin wọn jáde síta kò lè retí pé kí wọ́n tètè pe òun padà. Ìfẹ́ èrò náà sì ti ń yí. Àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn ogun fẹ́ ijó tuntun àti ojú tuntun. Lọ́dún 1921, James Dalton, ọkùnrin tí wọ́n ti jọ ń gbé fún ọdún gbọọrọ, tó sì ń bójú tó òwò rẹ̀, kú. Dalton kò kọ ìyàwó àárọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ rí ní ìlànà òfin. Ìyàwó náà ló gba òkú, tó sì gbé e lọ sin sí ibojì ìdílé wọn. Dressler tó tọ́jú rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ kankan.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e kò dára láti máa rò ní kíkún. Ó gba iṣẹ́ kéékèèké, ó gbìyànjú òwò lóríṣìíríṣìí, ó sì di ẹni tó ń kí àlejò káàbọ̀ ní ibi ìjẹun alẹ́ kan nínú òtẹ́ẹ̀lì New York. Àwọn tó ti sanwó láti wò ó rí ń jẹun níbẹ̀.

Ọmọbìnrin oníwèé ìròyìn

Lọ́dún 1911, nígbà tí Dressler gbé Tillie dé San Francisco, ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ rán ọ̀dọ́bìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sí i. Dressler ń bínú sí ìwé ìròyìn náà, kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́, pé bí òun bá padà lọ́wọ́ òfo, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Dressler rọ̀, ó sì fún un ní gbogbo ohun tó wá gbà.

Frances Marion ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Nígbà tó fi di ọdún 1927, òun ló wà lára àwọn òǹkọ̀wé fíìmù tó gbówó jù lọ ní Hollywood, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń ta létí Irving Thalberg, ọ̀gá tó ń ṣètò fíìmù ní ilé iṣẹ́ MGM. Dressler ti rí ipa kékeré kan lọ́dún náà nínú fíìmù tí Allan Dwan darí. Nígbà tí Marion gbọ́ bí nǹkan ṣe rí fún un, ó jókòó, ó kọ fíìmù àwàdà kan nítorí rẹ̀, The Callahans and the Murphys, nípa àwọn ìyá ilé méjì tó ń ja ìjà aládùúgbò. Ó lọ bá Thalberg, ó sì yí i lọ́kàn padà.

Fíìmù náà bọ́ sínú wàhálà. Àwọn ọmọ Ireland tó wà ní Amẹ́ríkà ní ó fi àwọn ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n dá rúkèrúdò sílẹ̀ ní àwọn ilé sinimá kan, MGM sì kó o nílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ilẹ̀kùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ti padà tì. Nǹkan méjì ló kù nínú rẹ̀ fún Dressler: àwọn ènìyàn MGM ti rí ohun tó lè ṣe, ó sì ti bá Polly Moran pàdé, aláwàdà tí àwọn méjèèjì yóò tún jọ ṣe fíìmù tó pa èrò lẹ́rìn-ín lẹ́yìn náà, bíi Caught Short, Reducing àti Politics.

Nígbà náà ni fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn tuntun yìí ba iṣẹ́ àwọn arẹwà kan jẹ́, àwọn tí ẹnu wọn kò bá ojú wọn mu. Ní ti Dressler, ohun tó ti fi ọdún 40 ṣe lórí ìtàgé ni wọ́n ń wá báyìí. Lọ́dún 1930, MGM gbé fíìmù olóhùn àkọ́kọ́ tí Greta Garbo ṣe jáde, Anna Christie. Marion ló kọ ọ́ fún fíìmù, ó sì rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún Dressler ní ipa Marthy, ọ̀mùtí obìnrin etí omi. Gbogbo ayé ló lọ gbọ́ ohùn Garbo. Nígbà tí wọ́n jáde, ọ̀mùtí náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó mú wọn rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó wo Garbo pẹ̀lú àánú ẹni tó mọ ohun tí ayé lè fi ojú obìnrin rí, ẹ̀rín náà sì dákẹ́ sí wọn lọ́fun.

Min

Ní ìparí ọdún kan náà ni Min and Bill jáde, George Hill ló darí rẹ̀. Min ni ilé àlejò tó rí jákujàku létí èbúté, níbi tí àwọn apẹja ń sùn. Ó ń tọ́ ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ gbé sílẹ̀ fún un, Nancy. Ó ń bá Bill jà, èyí tí Wallace Beery ṣe, ìjà náà sì le débi pé ohun èlò inú yàrá kò ní ìsinmi. Ìdajì fíìmù náà àwàdà ni.

Min rí i pé etí omi yóò ba Nancy jẹ́. Ó lé e lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ líle, kí ọmọ náà lè lọ gbé láàárín àwọn tó dára ju òun lọ. Ọmọ náà kàwé, ó rí ọkọ gidi. Ìgbà náà ni ìyá tó bí i padà dé láti wá bà á jẹ́, Min sì yìnbọn pa á. Ní ìparí, Min dúró láàárín èrò, ó ń wo ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé ìyàwó tuntun lọ. Ọmọ náà kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá mú un lápá. Kò sọ nǹkan kan. Gbogbo ọgbọ́n tó ti fi ojú rẹ̀ kọ́ láti ọdún 1892, láti fi pa èrò lẹ́rìn-ín, ló fi ṣe ìṣẹ́jú kan yìí, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n ṣe ń mú un lọ.

Ọjọ́ 10, oṣù Kọkànlá, ọdún 1931, ọjọ́ kejì tó pé ọmọ ọdún 63, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Oscar fún òṣèré obìnrin tó dára jù lọ, ní òtẹ́ẹ̀lì Biltmore ní Los Angeles. Marlene Dietrich wà lára àwọn tó bá a díje. Norma Shearer tó gbà á lọ́dún tó ṣáájú ló fi lé e lọ́wọ́. Ṣáájú Shearer, Mary Pickford ni. Ọmọ Kánádà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àsìkò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ni. Àwọn tó ń wọ sinimá ti rí bí iṣẹ́ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, bí ilé ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Obìnrin tó wà lójú aṣọ funfun yìí jọ ìyá wọn, ó jọ ìyá ilé kejì, ó sì ti bá ebi pàdé rí. Nínú Emma, lọ́dún 1932, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tó tọ́ àwọn ọmọ ọ̀gá rẹ̀ dàgbà, tí wọ́n sì padà kọjú ìjà sí i. Wọ́n tún fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Oscar. Nínú Tugboat Annie, lọ́dún 1933, ó di ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi. Ìwé ìròyìn Time fi àwòrán rẹ̀ sí iwájú ní oṣù Kẹjọ ọdún náà.

Nínú Dinner at Eight, ó ṣe òṣèré àgbà kan tí ọkùnrin ti du ara wọn nítorí ẹwà rẹ̀ rí, tí owó sì ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò fi irú ipa bẹ́ẹ̀ lọ̀ ọ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. John àti Lionel Barrymore wà nínú fíìmù kan náà; ọmọ Maurice Barrymore ni àwọn méjèèjì, ọkùnrin tó ní kó lọ máa ṣe àwàdà. Àwọn tó fẹ́ràn fíìmù ṣì ń wo ìparí rẹ̀ títí di òní, níbi tí arẹwà Jean Harlow ti sọ fún un pé òun ń ka ìwé kan. Dressler dúró lójijì lórí ìrìn, bí ẹni tó kọ ẹsẹ̀ mọ́ òkúta, gbogbo ara rẹ̀ ló fi ya ẹnu.

Àrùn tí wọ́n fi pamọ́

Nígbà tó ń ṣe àwọn fíìmù wọ̀nyí, àrùn jẹjẹrẹ ti wà lára rẹ̀. Dókítà sọ fún Louis B. Mayer, ọ̀gá àgbà MGM, kí wọ́n tó sọ fún ẹni tó ni ara. Mayer ní kí wọ́n má sọ fún un. Ó kàn pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ rin ìrìn àjò ìsinmi tó ti ń gbèrò, ó sì dín wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́ kù. Inú bí Dressler, ṣùgbọ́n ó gbà. Àwọn kan rí ìwà yìí bí àánú. Òṣèré tó ń mú owó wọlé jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà ni à ń sọ yìí, nítorí náà kò rọrùn láti mọ ibi tí àánú parí sí, tí òwò ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún 65, MGM ṣe àsè ńlá fún un ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ya fíìmù, rédíò sì gbé e sáfẹ́fẹ́. Fíìmù rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, Christopher Bean, jáde ní oṣù kan náà. Ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, ọdún 1934, ó kú ní Santa Barbara. Wọ́n sin ín sí Glendale, nítòsí Los Angeles. Ìwé kejì tó kọ nípa ara rẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ilé tí wọ́n sọ pé wọ́n bí i sí ní Cobourg ṣì dúró, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́, ibẹ̀ sì ni wọ́n kó àwọn ohun ìrántí rẹ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni èyí tó pọ̀ jù nínú dúkìá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí ìwé ìhágún, wọ́n rí i pé ó fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ àti 35,000 dọ́là sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún 20 ọdún, nígbà tí owó wà àti nígbà tí kò sí. Ó fi 15,000 dọ́là sílẹ̀ fún ọkọ obìnrin náà, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Ní ọdún 1936, tọkọtaya yìí fi owó náà ṣí ilé ijó kan ní Savannah, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Wọ́n sọ ọ́ ní Cocoanut Grove, orúkọ ilé ijó Los Angeles tí àwọn ìràwọ̀ Hollywood ti ń ṣe fàájì lálaalẹ́.